Owó Oṣù Yẹ, Ilé Ni Kò Yẹ

Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń náwó ìlú sórí ilé àwọn tí kò rí towó ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́ ilé tuntun fún wọn o. Ihò tí òtútù ń gbà wọlé ni wọ́n ń dí, wọ́n ń tẹ́ nǹkan tó nípọn sókè àjà kí ooru má baà sá jáde, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kò ní san kọ́bọ̀, kò sì ní dá owó kankan padà lọ́jọ́ iwájú. Weatherization Assistance Program ni orúkọ ètò náà nínú ìwé ìjọba. Weatherization lásán ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Kò sí ìpínlẹ̀ tí kò dé, torí náà ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Chicago, ní Houston tàbí ní Maryland lè béèrè fún un bíi gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ bi ni pé, "Ṣé mo yẹ?" Iye tó ń wọlé lóṣù ló máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń bi í. Owó tó ń wọlé ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ á rí i pé ìdánwò méjì ló wà níbẹ̀: wọ́n ń yẹ ènìyàn wò, wọ́n sì ń yẹ ilé wò. Ìdánwò ti ènìyàn rọrùn ju bí a ṣe rò lọ. Ti ilé ló le, òun ló sì ń dá àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣòfin padà láti ẹnu ọ̀nà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti ṣìnà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Ká lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká rántí ibi tí ètò yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́ nítorí ogun tó wà láàárín wọn àti Ísírẹ́lì. Àgbá epo kan, tí owó rẹ̀ kò ju bíi dọ́là mẹ́ta lọ, di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Nàìjíríà kò bá wọn dá sí i, epo tirẹ̀ ló ń tà lọ ràì. Owó tó ya wọlé nígbà náà ló bí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ṣì ń ròyìn títí dòní. Epo kan náà tó di àríyá nílé wa ló di ìyà fún òtòṣì tó ń gbé ní Maine tàbí Vermont, nítorí epo ni ọ̀pọ̀ ilé lọ́hùn-ún fi ń lé òtútù. Ìgbà náà ni ó hàn kedere pé ilé olówó àti ilé tálákà kì í jẹ epo bákan náà. Ilé tálákà ti gbó, fèrèsé rẹ̀ kì í pa dé mọ́, kò sí nǹkan kan lókè àjà rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ti dàgbà ju ọmọ inú ilé lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló wá ń san owó tó pọ̀ jù lórí yàrá kan ṣoṣo. Òfin tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí ní ọdún 1976 ló dá ètò náà sílẹ̀, ohun tó sì gbé e dìde ni pé ó sàn kí a tún ilé ṣe lẹ́ẹ̀kan ju kí a máa bá onílé san owó epo lọ́dọọdún.

Ó yani lẹ́nu pé ìjọba tó mọ èyí kò fi owó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ètò mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní LIHEAP, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1981. Òun ló ń bá àwọn aláìní san owó gáàsì àti owó iná. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ló ń gba ibẹ̀ jáde lọ́dún, nígbà tí ohun tó ń lọ sí weatherization nínú ìṣúná ọdọọdún kò ju ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù àti díẹ̀ lọ. Omi ni wọ́n ń pọn sínú agbọ̀n, owó omi sì ju owó tí wọ́n fi ń dí agbọ̀n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó LIHEAP, kó sì fi tún ilé ṣe, ó sì lè tó ìdá 25 bí ó bá gba àṣẹ, àmọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gé gáàsì rẹ̀ lọ́la kò lè dúró de àwọn tó ń bọ̀ wá dí ihò. Mi ò bá àwọn tó ń pín owó náà jà. Mò ń sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé owó tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe kò tó nǹkan, àti pé gbogbo òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ẹni tó yẹ àti ilé tó yẹ, àìtó owó ló wà nídìí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń gbé òṣùwọ̀n òṣì jáde, ìyẹn iye tí ìdílé kan gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n má baà pè é ní tálákà. Weatherization kò dúró síbẹ̀. Ìlọ́po méjì òṣùwọ̀n náà ló ń lò. Ní ọdún 2025, òṣùwọ̀n fún ẹni tó ń dá gbé jẹ́ dọ́là 15,650 lọ́dún, torí náà ẹni tó ń gba tó dọ́là 31,300 ṣì yẹ. Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó jẹ́ dọ́là 64,300. Fún ẹlẹ́ni mẹ́fà, dọ́là 86,300. Iye tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kí àwọn ará wa tẹjú mọ́ dáadáa. Ilé tí bàbá ti ń wa takisí, tí ìyá ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, tí wọ́n bí ọmọ méjì, tí òbí ọkọ méjèèjì sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹni mẹ́fà ni. Ọ̀pọ̀ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ka ara wọn mọ́ tálákà rárá, ojú sì máa ń tì wọ́n láti gba nǹkan tí wọ́n rò pé ó wà fún aláìní paraku. Òfin kò béèrè bóyá ènìyàn ka ara rẹ̀ mọ́ tálákà. Ó ń ka orí, ó ń ka owó tí gbogbo àgbàlagbà inú ilé ń gbà kí wọ́n tó yọ owó orí, ó parí. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá sì ń gba SSI, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara tí kò ní nǹkan lọ́wọ́, tàbí TANF tí wọ́n ń fún àwọn ìdílé aláìní tó ń tọ́mọ, ti yẹ láìjẹ́ pé wọ́n tún ń ṣírò kankan. Ìpínlẹ̀ tó bá wù sì lè fi òṣùwọ̀n LIHEAP rọ́pò, tó lè jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìdílé tó wà ní agbedeméjì ń gbà ní ìpínlẹ̀ náà. Níbi tí owó iṣẹ́ ti ga, èyí máa ń gba ènìyàn púpọ̀ sí i wọlé.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ fẹ̀. Ó fẹ̀ débi pé ó lé ní 30 mílíọ̀nù ìdílé tó lè gbà á wọlé, bẹ́ẹ̀ ilé tí owó ọdọọdún ń tó láti tún ṣe kò ju bíi 35,000 lọ. Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, yóò gbà ju 800 ọdún lọ kí ó tó kan gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹni tí ara rẹ̀ kò pé, ilé tí ọmọdé wà, àti ilé tí owó iná ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé ló máa ń wà níwájú. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn lè dúró fún ọdún mélòó kan lórí ìlà. Ẹnì kan á ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a tún ń pe ènìyàn wá? Ṣé kì í ṣe pé a ń fi kún èrò tó ti pọ̀ jù ni? Bí gbogbo ẹni tó nílò rẹ̀ bá ti wà lórí ìlà, ọ̀rọ̀ náà ì bá tọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Meredith Fowlie, Michael Greenstone àti Catherine Wolfram, ṣe ìwádìí ní Michigan lórí ìdílé tó lé ní 30,000 tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n yẹ, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n pín wọn sí méjì. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ń tẹ àwọn apá kejì láago, wọ́n ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n sì ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, ilé tí wọ́n tún ṣe kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n lọ bẹ̀, bíi mẹ́fà péré ni. Ọ̀fẹ́ ni o, tí wọ́n sì gbé e wá bá ènìyàn nílé. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ máa ń ṣòfò lórí rẹ̀, ará ìlú kò sì fọkàn tán àlejò tó ń sọ pé òun fẹ́ gun òkè àjà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wá ní ìgboyà àti àkókò láti kọ fọ́ọ̀mù tán kì í fi dandan jẹ́ ẹni tí òtútù ń pa jù.

Ká gbà pé ó kọ ọ́ tán, tí ó sì yẹ. Ìgbà náà ni àwọn olùyẹ̀wò á wá sílé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dára púpọ̀, mo sì gbà pé òun ni apá tó dára jù nínú gbogbo ètò náà. Wọ́n á gbé fáànù ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n á fi aṣọ rọ́bà dí ìyókù ẹnu ọ̀nà náà, fáànù á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta. Bí ó ti ń fà á ni atẹ́gùn ìta á máa gba gbogbo ihò wọlé, tí ẹni tó bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, sídìí ògiri, sí ibi tí páìpù ti gba ilẹ̀ kọjá, á mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń jò. Wọ́n ní kámẹ́rà tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tó tutù àti ibi tó móoru. Wọ́n á yẹ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru wò, bóyá ó ń tú èéfín olóró sínú ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó ṣírò. Òfin ní gbogbo dọ́là kan tí wọ́n bá ná lórí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ mú, ó kéré tán, dọ́là kan wọlé nínú owó iná tí onílé kò ní san mọ́, láàárín iye ọdún tí iṣẹ́ náà máa lò kó tó bàjẹ́. Ìṣirò yìí ló ń já ọ̀pọ̀ onílé kulẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé. Fèrèsé tuntun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, torí pé òun ló ń hàn lójú títì. Àmọ́ ó wọ́n, ohun tó sì ń dá dúró nínú owó iná kéré, torí náà kì í sábà yege. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n po oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè gbiná mọ́, tí wọ́n wá fẹ́ sókè àjà, ló ń yege. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i, kò sì sí àlejò tó máa bá ọ yọ̀ sí i.

Níbi àyẹ̀wò yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ́yìn yọ. Bí olùyẹ̀wò bá rí i pé òrùlé ń jò, pé omi dúró sí ìsàlẹ̀ ilé, pé èbu ti gba ògiri, pé wáyà iná ti gbó tàbí pé ilẹ̀ yàrá kan fẹ́ rì, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Deferral ni wọ́n ń pè é. Wọn kò sọ pé onílé kò yẹ. Wọ́n ní kó lọ tún ilé ṣe ná, kó tó padà wá. Ìwọ̀nba owó díẹ̀ wà tí wọ́n lè fi ṣe àtúnṣe kéékèèké, wọ́n sì lè fi pààrọ̀ ẹ̀rọ tó léwu, àmọ́ òrùlé odindi kò sí níbẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ṣáájú ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wáyà wọn ṣì jẹ́ irú èyí tí wọ́n so mọ́ tánganran, tí kò ní ìbòrí tó péye. Bí wọ́n bá fẹ́ ìwé lílọ̀ bò ó, ó lè gbóná títí yóò fi dáná. Àwọn ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n ti tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní vermiculite sókè àjà wọn látijọ́. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n wa nílùú Libby ní ìpínlẹ̀ Montana, níbi tí asbestos ti dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ibi ìwakùsà náà kò sì tì títí di ọdún 1990. Ẹni tó bá rú u sókè lè fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ará ilé. Kò sí olùyẹ̀wò tó lórí pípé tó máa ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ wo ẹni tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Opó tó jogún ilé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Philadelphia, tí òrùlé ti ń jò láti ọdún mẹ́wàá, tí owó ìfẹ̀yìntì kò sì tó ra oògùn: òun gan-an ni òfin 1976 ń sọ nípa rẹ̀. Ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Chicago, Detroit àti Philadelphia, àwọn báńkì kọ̀ láti yá ènìyàn lówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tilẹ̀ ya máàpù ní àwọn ọdún 1930, ó fi pupa kun àwọn àdúgbò náà pé ewu ni. Ilé tí wọn kò yá onílé lówó láti tún ṣe kò lè ṣàìbàjẹ́. Ìjọba kan náà wá padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn, ó ní ilé ti bàjẹ́ jù láti gba ẹ̀bùn náà. Ẹni tó rí jájẹ díẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ dán, tí wáyà rẹ̀ kò ní àléébù, á kọjá wẹ́rẹ́. Bí a bá fi ojú inú wò ó, láàárín àwọn tí owó wọn kéré, ètò náà ń ṣa àwọn tó sàn díẹ̀ mú, ó sì ń fi àwọn tó burú jù sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète bẹ́ẹ̀.

Ti ayálégbé tún yàtọ̀. Ayálégbé lè béèrè, owó tirẹ̀ ni wọ́n á sì wò, kì í ṣe ti onílé. Àmọ́ onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé òun gbà, òfin sì ní kò gbọdọ̀ fi kún owó ilé fún àkókò kan nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Nínú ilé tí èrò pọ̀, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbébẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan odindi ilé náà. Bí ó bá jẹ́ ilé oníyàrá ìgbé méjì tàbí mẹ́rin, ìdajì tó. Onílé tí kì í san owó gáàsì kò sì rí ìdí tí òun fi máa jẹ́ kí olùyẹ̀wò ìjọba wọ inú ilé tí òun mọ̀ pé àléébù kún.

Àwọn tó ń dáàbò bo ètò náà ní èsì kan tó lágbára: deferral kì í ṣe ìwà ìkà, ààbò ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá dí gbogbo ihò ilé tí èbu ti gbà, ṣe ni wọ́n sé ọ̀rinrin mọ́nú rẹ̀, ikọ́ efée ọmọdé á sì burú sí i. Mi ò sọ pé kí wọ́n gbójú fo ewu. Ohun tí mò ń sọ ni pé dídá iṣẹ́ dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Bí ìjọba bá mọ̀ pé òrùlé ló ń dí iṣẹ́ 8,000 dọ́là lọ́wọ́, owó òrùlé jẹ́ ara owó iṣẹ́ náà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2022, ó ya mílíọ̀nù 15 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi tún irú àwọn ilé yìí ṣe kí iṣẹ́ gidi lè bẹ̀rẹ̀. Tí a bá pín in fún gbogbo ìpínlẹ̀, owó tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìjẹ́wọ́. Ní ọdún kan náà, Pennsylvania gba ọ̀nà tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà kan, Nikil Saval, ló ṣáájú ètò tí wọ́n ń pè ní Whole-Home Repairs, tí wọ́n fi mílíọ̀nù 125 dọ́là sí, tí onílé kan sì lè gbà tó 50,000 dọ́là níbẹ̀ fún òrùlé, wáyà, páìpù, ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́. Owó tí ìjọba àpapọ̀ pín nígbà àrùn kòrónà ni wọ́n fi ṣe é, èrò tó wá béèrè sì pọ̀ ju owó lọ.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú ìwádìí Michigan tí mo mẹ́nu bà lókè ló sì ti wá. Àwọn olùwádìí náà rí i pé iná tí àwọn ilé tí wọ́n tún ṣe ń jẹ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, láàárín ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi tún wọn ṣe tó ìlọ́po méjì owó iná tó dín kù. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ fi àǹfààní èéfín tó dín kù ní ojú ọ̀run kún un, ìṣirò náà kò dọ́gba. Bí ilé tó ṣeé tún ṣe kò bá pa owó rẹ̀ padà, kí ni ti ilé tó tún nílò òrùlé? Mi ò rò pé ó yẹ ká fẹnu fọ́ èyí dànù. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan ni wọ́n wò, ní àkókò kan tí owó pàjáwìrì ọdún 2009 ń ya wọlé. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Oak Ridge wo gbogbo orílẹ̀-èdè, ó rí i pé owó iná tí ètò náà dá dúró ní ọdún 2008 ju owó tí wọ́n ná lọ, àǹfààní ìlera tó tinú rẹ̀ jáde sì tún ju ti owó iná lọ fíìfíì: ẹni tí òtútù kò mú, ẹni tí èéfín olóró kò pa, ọmọ tí kò dé ilé ìwòsàn nítorí ikọ́ efée. Àwọn olùwádìí mìíràn ní Illinois tú u palẹ̀ pé kí ló fà á tí èrè kò fi tó iye tí wọ́n ṣèlérí. Apá ńlá kan jẹ́ àṣìṣe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ṣáájú iṣẹ́, apá ńlá kejì sì jẹ́ iṣẹ́ gbàrọgùdù tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe. Ti àwọn onílé tó gbé ìwọ̀n ooru sókè nítorí pé owó ti dín kù kéré gan-an. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ni àtúnṣe wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó jẹ́ àròjinlẹ̀ tèmi: ilé tó ń jò jù ni èrè àtúnṣe rẹ̀ lè pọ̀ jù, torí pé ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí ètò náà bá ń lé irú ilé bẹ́ẹ̀ padà, tó ń ṣiṣẹ́ lára èyí tó sàn, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé èrè kéré.

Àwọn kan á ní owó pàjáwìrì yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé a kò gbọdọ̀ fi owó kún un. Ní ọdún 2009, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì da bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé ètò tí kò mọ̀ ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan mílíọ̀nù lọ, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba sì padà rí iṣẹ́ tí kò dáa ní Illinois, tó fi mọ́ ẹ̀rọ ooru tí wọn kò tò dáadáa. Ó ṣẹlẹ̀, ó sì burú. Ohun tí wọ́n fi dáhùn ni pé, láti ìgbà náà, olùyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ padà wo gbogbo ilé kí wọ́n tó sọ pé iṣẹ́ parí. Bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ tí òfin ọdún 2021 tún fi kún un, wọ́n fọ́n ọn ká sí ọdún púpọ̀ kó má baà tún rí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn tó ní òrùlé ẹni jẹ́ dúkìá ẹni, pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi owó orí ẹlòmíràn sọ ilé ẹnì kan di olówó iyebíye, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ìjọba kan náà ń dín owó orí kù fún ẹni tó yá owó ra ilé ńlá, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìṣòfò.

Ohun tí ẹni tó bá ń ka èyí nílẹ̀ Amẹ́ríkà lè ṣe kò ṣòro láti sọ. Ọ́fíìsì àdúgbò ló ń gba fọ́ọ̀mù, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń jẹ́ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní community action agency, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ààrẹ Johnson kéde ogun lórí òṣì ní ọdún 1964. Lọ́pọ̀ ibi, ọ́fíìsì kan náà ló ń gba ti LIHEAP. Kí ènìyàn béèrè fún méjèèjì pọ̀. Wọ́n á béèrè ìwé owó oṣù gbogbo àgbàlagbà inú ilé, bíìlì iná àti gáàsì, àti ìwé ilé tàbí lẹ́tà onílé. Ẹni tí wọ́n ti tún ilé rẹ̀ ṣe rí kò gbọdọ̀ rò pé ó ti tán: lẹ́yìn ọdún 15, òfin tó jáde ní òpin ọdún 2020 gbà pé kí wọ́n tún padà wá. Bí olùyẹ̀wò bá sì ní òun dá iṣẹ́ dúró, kí onílé má fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sílẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí lẹ́tà tó sọ ohun tó bàjẹ́ ní pàtó àti ohun tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà náà ló máa mú lọ sí ọ́fíìsì àtúnṣe ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń gbé ní ìgbèríko, tó ti pé ọdún 62, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lè fún un ní tó 10,000 dọ́là lọ́fẹ̀ẹ́ láti mú ewu kúrò nínú ilé. Àmọ́ iléeṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn kì í lo òṣùwọ̀n òṣì tí weatherization ń lò. Ti agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń lò, ó sì lè le ju tọ̀hún lọ. Ìyá arúgbó kan lè yẹ fún ìwé lílọ̀ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ sókè àjà rẹ̀, kó má sì yẹ fún òrùlé tó máa bo ìwé náà.